Ẹ̀gbọ́n mi ló gba ìbọn lọ́wọ́ mi

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mi ò fi bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ohun tó pàpà gbé mi dìde kì í ṣe ìwàásù, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ìyá wa. Eré orí tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Lost lorúkọ eré náà. Ọkọ̀ òfuurufú kan tó gbéra láti Sydney, tó ń lọ sí Los Angeles, ló já sí erékùṣù kan, ìyà àwọn tó yè níbẹ̀ la sì ń wò láti 2004 títí di 2010. Apá tó bá mi wí ni èyí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2006, tí wọ́n sọ ní Sáàmù 23. Ìgbà tí mo máa rí i, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, inú àwo DVD tí mo rà lẹ́bàá títì ni mo ti wò ó.

Ìtàn Ògbẹ́ni Eko ni, ọ̀kan nínú àwọn tó yè. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n pè é nínú eré, Adewale Akinnuoye-Agbaje tó sì ṣe é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London ni. (Bí àwọn òyìnbó yẹn ṣe ń pe orúkọ náà, ẹ̀kọ jíjẹ ló sún mọ́ jù. Hawaii sì ni wọ́n ti ya abúlé tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti dé abúlé wa rí á fura.)

Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ àwọn ajagunta kan já wọlé. Wọ́n fa bàbá arúgbó kan kalẹ̀, wọ́n ki ìbọn bọ Yẹmí lọ́wọ́, wọ́n ní kó yìn ín. Àbúrò Eko ni Yẹmí, ọmọ kékeré. Kò lè yìn ín. Ni Eko bá wá, ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀, ó sì yin bàbá náà. Olórí wọn yìn ín pé apànìyàn ni wọ́n bí i, ó já àgbélébùú tó wà lọ́rùn ẹ̀ sọnù, wọ́n sì kó o lọ. Yẹmí ló ṣa àgbélébùú náà nílẹ̀.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Yẹmí dàgbà, ó di àlùfáà ìjọ Àgùdà. Eko di baba ìsàlẹ̀ àwọn oníṣòwò oògùn olóró. Lọ́jọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá àbúrò ẹ̀, mo rí ojú tí Yẹmí fi wò ó, mo sì dá eré náà dúró. Mo mọ ojú yẹn. Èmi náà ti fi irú ẹ̀ wo èèyàn rí.

Ìwé kẹta ni mo wà ní girama nígbà tí bàbá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi fi iléèwé sílẹ̀, ó bọ́ sí gáréèjì, ó di agbèrò. Owó WAEC mi, ibẹ̀ ló ti jáde. Ó máa ń kó o wálé lálẹ́, gbogbo ẹ̀ á ti rún, á máa rùn fún epo mọ́tò àti ọtí. Ìyá mi á jókòó, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ náírà náà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí itan ẹ̀, kí n lè rí owó tó dáa mú lọ síléèwé.

Mo di tíṣà, mo di díákónì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ̀gbọ́n mi mú àpòòwé kan wá. Mo dá a padà. Mo ní owó gáréèjì ò gbọdọ̀ wọlé mi. Kò sọ nǹkan kan. Ó ti àpòòwé náà bọ àpò, ó nawọ́, ó bá mi tún fìlà mi gẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ Yẹmí, ikú ló já sí. Eko di oògùn olóró sínú ère Màríà, ó fẹ́ fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan kó o jáde. Yẹmí sáré wá dá a dúró, àwọn ṣọ́jà dé, ìbọn bà á. Àwọn èèyàn Eko gba Yẹmí sínú ọkọ̀, wọ́n ta Eko fúnra ẹ̀ nù sílẹ̀, wọ́n fò lọ. Àfi ìgbà tí Eko rí ọkọ̀ yẹn nínú igbó erékùṣù. (Bí epo inú ẹ̀ ṣe gbé e láti Nàìjíríà dé Pàsífíìkì, ẹ má bi mí.) Egungun àbúrò ẹ̀ ló dì mọ́ra.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tí irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́rùn ẹ̀ nìyí: lọ kí ó tó di egungun. Má mú pásítọ̀ dání. Má sì sọ pé o ti dárí jì í. Èmi kọ́ gbólóhùn yẹn sórí nínú ọkọ̀ láti ilé dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó gbé mọ́ mi lẹ́nu. Ta ló jẹ ta ní gbèsè? Mi ò sọ pé kí ẹ pe dúdú ní funfun o. Ẹ̀gbọ́n mi lu awakọ̀, ó gba owó olówó. Bàbá arúgbó inú eré yẹn náà, ó kú, kò jí mọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ nínú ẹ̀ tí mo fi kàwé, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Nínú apá mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kọkànlá 2006, kí Eko tó kú, ó ní òun ò kábàámọ̀ pé òun pa ọkùnrin kan láti gba àbúrò òun là. Ó ṣì ń bí mi nínú díẹ̀, mi ò sì rí èsì fún un.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo kàn dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ náà ò mọ́. Nígbà tó ṣe, mo gbé kọ̀ǹpútà jáde, a jọ wo eré náà. Ó sùn lọ láàárín, ó jí nígbà tí iná ń jó ọkọ̀ náà.

Ó ní, “Àbúrò yẹn, ṣé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀?”

Mo ní, “Rárá, sà.”

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun dá a padà síbi tí àwọn ọmọ yẹn ti ń gbá bọ́ọ̀lù.