Irú Rawlings

Inú mi ò dùn láti àárọ̀. Aṣọ tí mò ń retí láti Èkó ò dé, òjò rọ̀, iná lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nínú Micra láti Ìwó Road sí Dùgbẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn mi. Ọmọkùnrin kan ló ní, “Irú Rawlings ni Nàìjíríà yìí nílò. Kó to gbogbo wọn síbì kan, kó yìnbọn fún wọn.” Bàbá tó jókòó níwájú ní, “Àmín o, ọmọ mi.” Dírẹ́bà náà ṣe àmín. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà ṣe é.

Irú Rawlings. Jerry Rawlings, sọ́jà tó ṣe olórí Ghana, ló ń wí. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ Rawlings yẹn kò kéré o. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Ewe, bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Scotland. Ó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú, ó sì gba ife ẹ̀yẹ nítorí pé ó mọ bàlúù wà. Ní May 1979, kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ó kó àwọn ọmọ ogun díẹ̀ sòdí láti gbógun ti àwọn ọ̀gá wọn. Kò bọ́ sí i. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ ológun, ibẹ̀ ló ti ní kí wọ́n fi àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé òun sílẹ̀, pé òun nìkan ló ni ẹ̀bi. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí? Ọmọ iṣẹ́ lọ̀gá máa ń tì síwájú.

Ní 4 June, àwọn sọ́jà já a gbà lẹ́wọ̀n, wọ́n fi í ṣe olórí. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti yìnbọn pa ọ̀gágun mẹ́jọ ní Teshie, lẹ́bàá Accra. Mẹ́ta nínú wọn ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè rí: Acheampong, Afrifa, Akuffo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń pariwo lójú títì pé kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Nàìjíríà bínú débi pé a dá epo tí à ń tà fún Ghana dúró. Ibẹ̀ yẹn làwọn tó ń ṣe àmín máa ń parí ìtàn náà sí.

Makola ńkọ́? Ní August 1979 kan náà, àwọn sọ́jà wó ọjà Makola No. 1 ní Accra palẹ̀. Wọ́n ní àwọn ìyálọ́jà ló ń kó ọjà pamọ́, àwọn ló sọ ìlú di ọ̀wọ́n. Kalabule ni wọ́n ń pe irú òwò bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ẹrù wọn tà ní ẹ̀dínwó, wọ́n na àwọn obìnrin ní gbangba. Ibi tí ọjà náà wà ti di ibùdókọ̀, Rawlings Park ni wọ́n ń pè é. Ìyá kan wà tí à ń pè ní Ìyá Kùmásí, ó ti gbé Ghana rí. Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà yẹn, ti lé òun àti àwọn àjèjì mìíràn wálé ní 1969, ìyẹn ni ò jẹ́ kó wà ní Ghana nígbà tí wọ́n wó Makola, síbẹ̀ ó sunkún nígbà tó gbọ́.

Aṣọ lèmi náà ń tà. Bí owó ọjà bá gbéra, èmi loníbàárà ń wò bí olè. Bí irú Rawlings bá dé lóòótọ́, ṣọ́ọ̀bù mi ló sún mọ́ títì ju ilé àwọn sẹ́nétọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ó kúrò lórí oyè, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. 24 September 1979 ló gbé ìjọba fún Limann tí wọ́n dìbò yàn, ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí Ọbásanjọ́ tó gbé tiwa fún Shagari. Ó tún padà wá gbà á ní 31 December 1981. Ọjọ́ yẹn gan-an ní 1983 làwọn sọ́jà tiwa náà ṣe tiwọn. Ní June 1982, ní Ghana lábẹ́ Rawlings, wọ́n jí adájọ́ mẹ́ta àti ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé nínú ilé wọn lóru, wọ́n pa wọ́n. Ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà ó wọlé nípa ìbò, ó ṣe ọdún mẹ́jọ, ó sì lọ ní January 2001. Ghana ń dìbò látìgbà náà, sọ́jà ò sì gbàjọba mọ́. Ṣé ìbọn Teshie ló fà á ni, àbí...

Ó rẹ̀ mí. Mo mọ ohun tó ń bí ọmọ yẹn nínú. Ẹ̀gbọ́n mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tíṣà, ó ń tò láti gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Nígbà tí mo bá rántí ẹsẹ̀ yẹn, èmi gan-an lè ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ọmọ náà yé mi. Ti bàbá iwájú yẹn ni kò yé mi. Irun rẹ̀ ti funfun, ó ti dàgbà ní 1984 tí sọ́jà WAI, ogun tí ìjọba ológun Buhari gbé ti ìwà àìlétò, ń na èèyàn ní ibùdókọ̀ wa nítorí pé wọn ò tò. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó sì ṣe àmín, tọkàntọkàn.