Ihò Nìkan Kọ́ Ni Èsì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń fi ìbọn ńlá dán ẹ́ńjìnnì wò, mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fojú sun ìbọn tàbí ìdí tí a fi ń dí etí. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìròyìn tí ẹ ń kọ: "Ọta wọlé, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́." Ta ló ní ó bàjẹ́?

Èkíní, ẹ kọ irú ọta tí ẹ lò sílẹ̀. Ọta .50 BMG, ọta ńlá tí ìbọn yín ń yìn, iṣẹ́ ọwọ́ John Browning nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ, kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Lóòótọ́, agbára tó sábà máa ń bá a jáde lẹ́nu ìbọn ju júùlù 15,000 lọ, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin ti 7.62 NATO, ọta ìbọn ológun tó kéré sí i, ó tún lé. Ṣùgbọ́n èyí tí irin inú rẹ̀ rọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti gún irin.

Èkejì, ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe bọ́lọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an. Irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe (cast iron) a máa sán, a sì máa fọ́ bí ìkòkò. Alumíníọ̀mù rọ̀ jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta… ẹ jẹ́ ká fi kíkà sílẹ̀ ná.

Mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa fẹ́ mọ̀ bóyá ọta lè dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró, àti bó ṣe máa yá tó. Mo ní ká da ọ́ìlì àti omi sí ẹ́ńjìnnì, ká tàn án, kó máa ṣiṣẹ́ ká tó yìnbọn. Ọ̀gá ní aájò àṣejù ni. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ẹ́ńjìnnì gbígbẹ wá láti ibi tí wọ́n ń kó àlòkù irin jọ sí. Ọta wọlé, bọ́lọ́ọ̀kù fọ́ yángá, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò.

Ìbéèrè kan ni àwọn tó niṣẹ́ bi wá: ìgbà tí ọta bà á, báwo ló ṣe pẹ́ tó kó tó kú? Kẹ́kẹ́ pa. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa! Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ọ̀gá sì fi orúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣètò rẹ̀. Mo ti dárí jì í. Mi ò ní gbàgbé ṣá.

Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ló lè sọ òótọ́. Ọta lè gba ibi tí omi ń gbà kọjá, kí omi dà ṣììrì, kí ọkọ̀ ṣì máa lọ títí ooru yóò fi pa á. Bí ọ́ìlì bá dà, ó dìgbà tí irin bá ń ha irin. Ṣùgbọ́n ihò kékeré lára páìpù epo tàbí wáyà kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì lè dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo HITRON, ẹ̀ka àwọn Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998: inú hẹlikọ́pítà ni wọ́n ti ń yìnbọn sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àwọn tó ń kó oògùn olóró. Kí ọkọ̀ dúró ni wọ́n ń wá. Ta ló ń ka ihò níbẹ̀?

Bí ẹ bá tún gbé ìwé wá fún mi, kí aago wà nínú rẹ̀: ìgbà tí ọta bà á, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ìgbà tó kú. Epo díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ ọn kó tó tutù.