Ẹ Má Dúró Sẹ́nu Ọ̀nà Ààfin

Ọ̀pọ̀ àlejò tí mo máa ń mú káàkiri Ọ̀yọ́ ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó tán, wọ́n fẹ́ máa lọ. Ohun tí mo ti wá ń ṣe ni pé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń kọ́kọ́ mú wọn lọ.

Ẹ lọ bá àwọn afíngbá. Ẹ kí wọn, "Ẹ kúuṣẹ́ o," ẹ jókòó, ẹ má tíì béèrè iye owó. Ọ̀bẹ kékeré ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á gbé igbá lé itan, wọ́n á máa fi ọwọ́ kan yí i, wọ́n á máa fi èkejì fá ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí funfun á fi yọ lábẹ́ àwọ̀ rúsúrúsú yẹn. Tí ọ̀bẹ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá rí èyí kì í ná ọjà wọn ní ìnákúnàá mọ́. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn onílù pẹ̀lú, kí ọmọ yín fọwọ́ ara rẹ̀ fún ọṣán gángan, kó gbọ́ bí ohùn ṣe ń ròkè.

Tó bá jẹ́ oṣù kẹjọ lẹ wá, ẹ lè bá ọdún Ṣàngó, tí UNESCO kọ mọ́ àṣà àjogúnbá aráyé ní 2023. Mùsùlùmí ni mí, mo sì máa ń jókòó gbọ́ bàtá dáadáa. Ẹ má ṣáà dí ẹlẹ́gùn lọ́nà, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó na fóònù sókè.

Ní ti oúnjẹ, ibi tí wọ́n bá ti ń ro àmàlà lọ́wọ́ ni kí ẹ wọ̀. Abùlà ni kí ẹ béèrè: gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata, pẹ̀lú ṣàkì. Gbígbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́ o!

Ẹ ya Ògbómọ̀ṣọ́ náà, ìlú Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùṣọ́àgùntàn Baptist tó wà níbẹ̀ ti wà láti 1898. Tí ẹ bá rí àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà lójú ọ̀nà, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, torí kì í pẹ́ kan.