Ẹ̀yin àbúrò mi lọ́yà, ẹ ka ìdájọ́ débi tí Order wà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ lọ́yà, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní Law School tẹ́ ẹ máa ń bi mí nípa kéèsì oògùn olóró, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó pẹ́ kó tó yé mi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi l'Ékòó, wọ́n gbé ìdájọ́ kan fún mi láti South Africa, wọ́n ní kí n kà á kí n wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo kà á mọ́jú, mo fi bírò fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ dáadáa tí adájọ́ sọ nípa ẹ̀tọ́ ọmọ èèyàn. Nígbà tó di àárọ̀ mo ní, "Sà, àwọn tó ń mugbó ló jàre, igbó ti di free níbẹ̀." Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú fáìlì tí wọ́n ń kà. Wọ́n ní, "Kí ni kóòtù pa láṣẹ? Ta ni wọ́n ní kó ṣe é? Ìgbà wo ni wọ́n dá fún un?" Mi ò rí ìkankan dáhùn. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbi tí wọ́n kọ "Order" sí, ìyẹn àṣẹ tí kóòtù pa lẹ́yìn gbogbo àlàyé, ibẹ̀ gan-an ni mo fò kọjá.

Kéèsì kejì tí Gareth Prince gbé wá nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti orí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ará Rasta ni, ó ti ka law, ṣùgbọ́n àjọ àwọn lọ́yà ní Cape ò gbà kó wọṣẹ́ torí pé wọ́n ti dá a lẹ́bi ẹ̀ẹ̀mejì rí pé ó ní igbó lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ lójú wọn pé òun ò ní yé lò ó torí ẹ̀sìn òun ni. Ó gbé e dé Constitutional Court, kóòtù wọn tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ìwé òfin, ní January 2002 adájọ́ 5 nínú 9 ní rárá. Ẹni tó bá gbọ́ rárá yẹn nìkan á ti pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n adájọ́ 4 tó kù, Ngcobo ló kọ tiwọn, ní òfin yẹn ti gbòòrò jù, pé èyí táwọn ará Rasta ń lò nínú ìsìn wọn tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ò yẹ kó bá a lọ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́yà tó ń ka apá kan ìdájọ́ ṣe máa ń ṣìnà, torí ohun tí adájọ́ tí ò pọ̀ tó sọ lónìí, òun ni ẹlòmíì máa gbé wá sí kóòtù lọ́la.

Prince gbé e lọ sí African Commission, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọ èèyàn nílẹ̀ Áfíríkà, ó gbé e lọ sí UN, kò séyìí tó dá a láre. Ó wá padà sílé, ó gba ẹnu ọ̀nà míì wọlé. Kò tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ́, ẹ̀tọ́ kéèyàn ní ìkọ̀kọ̀ tiẹ̀ tí ìjọba ò gbọ́dọ̀ yọjú sí ló gbájú mọ́, abala 14 nínú ìwé òfin wọn. High Court dá a láre lọ́jọ́ 31 March 2017. Nígbà tó di 18 September 2018, Adájọ́ Zondo ka ìdájọ́ Constitutional Court, gbogbo àwọn adájọ́ tó jókòó sì fẹnu kò. Ọdún 16 ló wà láàárín rárá àti bẹ́ẹ̀ ni yẹn o, igbó kan náà, ọkùnrin kan náà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an, mi ò ní fi bò.

Ẹ wá wo Order yẹn pẹ̀lú mi. Àgbàlagbà nìkan. Kó lò ó, kó ní in lọ́wọ́, kó gbìn ín. Níkọ̀kọ̀. Fún ara ẹ̀ nìkan. High Court ti kọ ọ́ pé inú ilé téèyàn ń gbé, Constitutional Court yọ ilé kúrò, wọ́n fi "níkọ̀kọ̀" sí i, ọ̀rọ̀ kan péré, ṣùgbọ́n ẹ ronú iye èèyàn tí ọ̀rọ̀ yẹn fi lè bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Títà àti rírà ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kóòtù ò fọwọ́ kàn án. Wọn ò dárúkọ gíráàmù kankan, wọ́n ní kí ọlọ́pàá wo gbogbo bọ́rọ̀ ṣe rí kó tó sọ pé ti títà ni. Èmi rò pé ìdájọ́ kan tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ra. Ní 1995, nínú kéèsì Bhulwana, kóòtù yìí kan náà fagi lé òfin tó ní ẹni tí wọ́n bá ká ju 115 gíráàmù mọ́ lọ́wọ́, ọlọ́jà ni, àfi tó bá fúnra ẹ̀ fi hàn pé òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e wò, ẹni tó ní 114 lọ́wọ́ kì í ṣe ọlọ́jà, ẹni tó ní 116 ti di ọlọ́jà, ta ló fi òṣùwọ̀n wọn ọkàn èèyàn? Ìjọba ló fẹ̀sùn kàn án, ìjọba ni kó mú ẹ̀rí wá.

Ìdáhùn sí ìbéèrè tọ́gà mi bi mí kẹ́yìn rèé. Oṣù 24 ni kóòtù fún ilé aṣòfin láti tún òfin náà ṣe, kóòtù sì fúnra wọn kọ gbólóhùn kan sínú òfin tó wà nílẹ̀ pé kí wọ́n máa lò ó títí dìgbà yẹn, wọ́n tún ní tí àwọn aṣòfin ò bá ṣe é, gbólóhùn yẹn á dúró títí. Ó ye yín? Ní September 2020 ló yẹ kó parí, 28 May 2024 ni ààrẹ wọn tó fọwọ́ sí òfin tuntun, ó ku ọ̀la kí wọ́n dìbò. Ó lé lọ́dún 5 tó jẹ́ gbólóhùn tí adájọ́ kọ làwọn èèyàn fi ń sùn tí wọ́n fi ń jí. Ká ní kóòtù kàn sọ pé òfin yìí ò dáa, kí wọ́n wá ní ó dìgbà tí òfin tuntun bá jáde kó tó kásẹ̀ nílẹ̀, láìfi nǹkan kan dí àyè ẹ̀, mélòó ni ọlọ́pàá ò bá ti gbé láàárín ìgbà yẹn?

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ míì tó dùn mí ni tàwọn ọmọdé. Torí Order sọ pé àgbàlagbà, ọmọdé ṣì lè di ọ̀daràn nígbà náà lórí ohun tí bàbá ẹ̀ ń ṣe láìbẹ̀rù. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún àwọn ọmọ 4 kan níléèwé, ó fi hàn pé wọ́n ti lo igbó, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n kó wọn lọ síbi tí wọn ò ti lè máa ti ilé lọ máa ti ilé bọ̀. Ó di ọdún 2022 kí Constitutional Court tó sọ pé kí wọ́n yé fi òfin ọ̀daràn mú ọmọdé torí lílò ó, pé ìtọ́jú ni kí wọ́n fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan nínú Order ló bí kéèsì yẹn látòkèdélẹ̀.

Ẹ má sì rò pé tẹ́ ẹ bá ti jàre, ó parí. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 30 ni wọ́n ní kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Timothy Leary lọ fi ṣẹ̀wọ̀n torí igbó, ó gbé e dé Supreme Court, wọ́n dá a láre ní 1969 torí pé òfin owó orí igbó ti 1937 ń fipá mú èèyàn kó fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1970 àwọn aṣòfin ti ṣe òmíì, wọ́n sì to igbó mọ́ heroin ní ìpele tó le jù.

Nílé wa níbí, a ti rí bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ti kóòtù sẹ́yìn. Decree 20 ti 1984, òfin táwọn ológun ṣe lórí oògùn olóró àtàwọn ẹ̀ṣẹ̀ míì, tribunal, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀, ló ń dájọ́ ẹ̀, decree náà sì ní òun bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìnwá. Ní April 1985 wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin 3 l'Ékòó torí oògùn olóró, nígbà tí wọ́n sì mú ọ̀kan nínú wọn, ikú kọ́ ni òfin tó wà nílẹ̀ sọ. Ìjọba ológun míì ló yọ ikú kúrò ní 1986, kì í ṣe adájọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ mọ abala 36(8) nínú ìwé òfin 1999 lórí, èyí tó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìyà tó le ju ti òfin tó wà nílẹ̀ nígbà tí èèyàn ṣẹ̀ jẹ ẹ́.

Ìyá kan dì mí mú ní kọ́rídọ̀ kóòtù lọ́jọ́ kan, ó ní "Ẹ bá mi wò ó, ọmọ mi ò tà á, ó kàn ń mu ún nínú yàrá ẹ̀ ni." Mo ṣí NDLEA Act sí abala 19, mo ka ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 fún un, ó fi ìka tọ ìlà yẹn bíi pé ó lè fọwọ́ pa á rẹ́. Mo dé ọ́fíìsì, mo fi bébà sí abala 37 nínú ìwé òfin, tó ní ilé èèyàn àti ìkọ̀kọ̀ ẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹ̀, mo sì fi òmíì sí 45, torí ibẹ̀ ni ìjọba máa sá sí, ìlera àti ààbò ará ìlú. Bébà méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú kéèsì yẹn lọ sí kóòtù nínú yín, kó wá bá mi, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kọ Order tó fẹ́ kí adájọ́ fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó tó kọ argument kankan.