Ìbú sílíńdà, ẹ̀ẹ̀mejì la ń kà á

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ iṣẹ́ mi kan gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń to ẹ́ńjìnnì Chevrolet ńlá kan nínú fídíò, wọ́n ń pè é ní 454. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni 454 yìí? Ṣé agbára rẹ̀ ni?" Inú mi dùn gan-an. Láti ọjọ́ tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì ní Kàbà níbí, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó bi mí nírú ẹ̀ rí.

Kì í ṣe agbára. Àyè tí písítìn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àwọn irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò sílíńdà, ń gbá kọjá ni, bí kálukú wọn bá ti ìsàlẹ̀ dé òkè lẹ́ẹ̀kan. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn irin: mú ìbú ihò sílíńdà, ìyẹn bore, sọ ọ́ dipúpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà pẹ̀lú 0.7854, nọ́ńbà tó ń sọ ìbú ihò róbótó di àyè ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà pẹ̀lú stroke, ìyẹn bí písítìn ṣe ń rìn jìnnà tó, kí o wá fi iye sílíńdà sọ ọ́ dipúpọ̀ láti kádìí rẹ̀. Ti 454 yẹn, bore 4.25 ínṣì, stroke 4 ínṣì, sílíńdà 8: ó já sí 453.96 ínṣì kúbíìkì.

Ó ní òun tún rí 396 àti 427. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó dé. Ní 1965 ni 396 jáde, bore 4.094, stroke 3.76. Ní 1966 wọ́n mú ihò náà fẹ̀ sí 4.25, wọn ò fọwọ́ kan stroke, ó di 427. Ní 1970 wọ́n fi ihò sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sọ stroke di 4, ó di 454. Ẹ wò ó dáadáa: 0.156 ínṣì péré lára ìbú mú 31 wá, 0.24 lára stroke, tó jù ú lọ, 27 ló mú wá. Ẹ̀ẹ̀mejì la ka ìbú nínú ìṣirò náà, ẹ̀ẹ̀kan la ka stroke.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Lọ́rí Mercedes 911 tó ń kó iṣu Ìsánlú lọ sí Lọ́kọ́ja, ẹ́ńjìnnì OM352 rẹ̀ jẹ́ 97 mm ní ìbú, stroke 128, sílíńdà 6. Sọ wọ́n di sẹ̀ntímítà kó o tó bẹ̀rẹ̀. 5675 cc, ìyẹn sẹ̀ntímítà kúbíìkì, lo máa bá. Fi mm kan kún ìbú, 118 cc ló lé. Fi mm kan kún stroke, 44 péré.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fara balẹ̀ wọn ihò yẹn. Mo ti wọn ẹnu sílíńdà 911 kan rí, mo bá 97 géérégé, mo ra rìǹgì tuntun sí i, ìyẹn irin róbótó tó ń yí písítìn ká, tó ń dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà wá, ó ń rú èéfín, ó ń jẹ ọ́ìlì. Mo tún un tú, mo fi èékánná àtàǹpàkò wọ́ ògiri ihò náà wálẹ̀ láti òkè, ó sì já sínú kòtò bí ẹni sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Òkè tí mo wọ̀n, rìǹgì kì í débẹ̀, kò jẹ rárá. Ìsàlẹ̀ ló ti jẹ. Bàbá tó ni lọ́rí ò bú mi. Ó jókòó sórí táyà láti àárọ̀ títí dalẹ́, ó ń wò mí. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀ ni mo ń wọ̀n láti ọjọ́ náà, síwá sẹ́yìn àti lápá ọ̀tún sósì, èyí tó fẹ̀ jù ni mo ń gbà.

Ìyá ọmọ iṣẹ́ mi yẹn ní ẹ̀rọ ìlọta, Lister onísílíńdà kan: ìbú 114.3 mm, stroke 139.7. Mo ní kó bá mi mú ìdáhùn rẹ̀ bọ̀ ní Mọ́ńdè.