Ẹ wẹ̀ tán, òórùn ò lọ: ibi tó yẹ kí ẹ wò

Ẹni tí kì í wẹ̀ tó sì ń rùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, omi àti ọṣẹ ni. Ẹni tí a ń kọ èyí fún ni ẹni tó ń wẹ̀ láàárọ̀, tó ń wẹ̀ lálẹ́, tó ń pààrọ̀ aṣọ, tó ń ra lọ́fínńdà olówó ńlá ní Balógun, síbẹ̀ tó jẹ́ pé kí dánfó tó gbé e dé Ọbàlẹ́ńdé, òórùn náà ti padà. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ fún un ni pé kí ó túbọ̀ máa wẹ̀. Ó ti wẹ̀. Ohun tó kù ni kí ó mọ ibi tí òórùn náà ti ń wá, nítorí ọṣẹ tó ń mú òórùn abíyá lọ kò lè ṣe nǹkan kan fún èyí tó ń ti inú ara wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ara ṣe lè mọ́ tó tí kò ní rùn bí òórùn bá ti wà nínú aṣọ.

Òógùn fúnra rẹ̀ kì í rùn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń jáde ní gbogbo ara, omi àti iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó ń jáde ní abíyá, ní abẹ́ àti ní àyíká orí ọmú nípọn díẹ̀, ó ní ọ̀rá nínú, ìgbà ìbàlágà ló sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ọmọ ọdún 6 fi lè sáré nínú oòrùn látàárọ̀ kí abíyá rẹ̀ má rùn bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 15. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára gbogbo èèyàn, irú bíi Corynebacterium, ló ń jẹ òógùn tó nípọn yìí, ohun tí wọ́n bá sì sọ ọ́ dà ló ń rùn. Afẹ́fẹ́ Èkó lọ́rinrin, òógùn kì í tètè gbẹ, nítorí náà àwọn kòkòrò yìí kì í ṣaláìní omi látàárọ̀ dalẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò yìí nílé kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ kò ní jáde, ẹ wẹ̀, ẹ nu ara gbẹ, ẹ má fi ìpara tàbí lọ́fínńdà kankan. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó jẹ́ òwú, pátá tó mọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì sùn. Láàárọ̀, ẹ kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ so ẹnu rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, kí ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé tú wọn wò, ìyàwó, ọkọ, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n. Ẹ má dá a ṣe, nítorí òórùn ara ẹni máa ń mọ́ imú lára débi pé kò ní gbọ́ ọ mọ́. Bó bá jẹ́ abíyá síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń rùn, abíyá ni. Bí síńgílẹ́ẹ̀tì kò bá rùn rárá, àmọ́ tí ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ń rùn, ṣẹ́ẹ̀tì ló jẹ̀bi. Bí gbogbo aṣọ bá ń rùn bákan náà, títí dé ẹ̀yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ara ló ti ń wá.

Abíyá ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti tọ́jú. Ẹ gé irun rẹ̀ kúrú. Irun a máa gba òógùn dúró, a sì máa fún kòkòrò ní ibi tí wọn yóò rọ̀ mọ́. Àlùmọ́gàjí tàbí kílípà ló dára jù. Bíléèdì máa ń jẹ́ kí irun tiwa tó ń ká yìí padà wọ inú awọ, á wá di kókó kéékèèké tó ń dunni. Kò dìgbà tó bá ń dán.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá apòògùn ní kẹ́místì, kí ẹ béèrè benzoyl peroxide tó jẹ́ ti wíwẹ̀, ìdá 4 tàbí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń wẹ ojú nítorí irorẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Nínú balùwẹ̀, ẹ fi pa abíyá tó ti tutù, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 gbáko, kí ẹ tó ṣàn án dáadáa. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe: wọ́n á fi kàn án, wọ́n á ṣàn án lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Àkókò tó lò lára ló ń pa kòkòrò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ẹ bá lò ó lónìí, ẹ fo ọ̀la. Bí awọ kò bá bó tí kò sì ta yín, ẹ lè máa lò ó lójoojúmọ́. Ó máa ń jẹ àwọ̀ aṣọ o, ẹ fi aṣọ ìnura funfun nu ún, ẹ má sì gbé ankara tuntun wọ̀ kí abíyá tó gbẹ. Ẹni tí awọ rẹ̀ kò bá gbà á lè béèrè chlorhexidine ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun ìwẹ̀ mìíràn tó ń pa kòkòrò, kó má jẹ́ kó kan ojú tàbí inú etí.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wa ń pè ní rólọ́ọ̀nù. Ọ̀kan kàn ń bo òórùn, ó sì ń dín kòkòrò kù. Èkejì ń dí ojú ihò òógùn, òun ni wọ́n ń kọ "antiperspirant" sí lára, ẹ ó sì rí "aluminium" níbi tí wọ́n to èròjà rẹ̀ sí. Èkejì yìí ni ẹni tó ń làágùn púpọ̀ nílò, alẹ́ ló sì yẹ kó lò ó. Lálẹ́ ni òógùn máa ń dín kù, tí èròjà náà á ráyè wọ inú ihò kó sì dì níbẹ̀. Ẹni tó fi í láàárọ̀, tó sì jáde sínú ooru, òógùn á ti fọ̀ ọ́ dànù kó tó ṣiṣẹ́. Bí ti ọjà kò bá ká a, aluminium chloride ìdá 20 wà. Ẹ dúró níwájú fáànù fún bíi ìṣẹ́jú 10 títí abíyá á fi gbẹ pátápátá, ẹ fi díẹ̀ pa á, ẹ sùn, ẹ ṣàn án láàárọ̀. Ẹ ṣe é lálaalẹ́ títí òógùn á fi dín kù, ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Bí ara bá tutù, èròjà náà àti omi á di ásíìdì, á sì máa ta yín bí iná. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ fi pa abíyá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí 24. Ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín, kó bi dókítà kó tó lò ó.

Ti álọ́ọ̀mù ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì wọ́n. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi díẹ̀, kí ẹ fi ra abíyá tó mọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Omi rẹ̀ a máa dín kòkòrò kù fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ bó bá wà lára tí oòrùn sì kàn án, ó lè jó awọ, kó lé ròrò, kó sì dúdú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Béèkìn sódà ń fọwọ́ fa nǹkan mìíràn: awọ ara máa ń kan díẹ̀ bí ohun kíkan, ìwọ̀n pH rẹ̀ (bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó) wà ní àyíká 5, ti béèkìn sódà sì lé ní 8. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ á dùn, lẹ́yìn náà abíyá á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á máa bó. Ní ti Izal tí àwọn kan ń dà sínú omi ìwẹ̀, a bẹ̀ yín, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ aṣọ gùn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Pólíẹ́sítà, tí púpọ̀ nínú jẹ́sì bọ́ọ̀lù, aṣọ iṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ àti yúnífọ́ọ̀mù ń ní nínú, máa ń di ọ̀rá òógùn mú, ọṣẹ ìfọṣọ kì í sì í tètè yọ ọ́. Aṣọ náà á dà bí èyí tó mọ́ nígbà tó wà lórí okùn, àmọ́ gbàrà tí áyọ́ọ̀nù tàbí ara gbígbóná bá kàn án, òórùn àná á jí. Ẹ lè dán an wò: ẹ lọ abíyá aṣọ tí ẹ ti fọ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá rùn, kò tíì mọ́.

Ẹ da fínígà funfun ife kan, bíi mìlílítà 250, sínú omi lítà 5. Ẹ yí aṣọ sí òdì, kí ẹ rẹ abíyá rẹ̀ síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ṣàn án, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Fínígà àti bílíìṣì kò gbọdọ̀ pàdé nínú báàkẹ́ẹ̀tì kan láéláé, afẹ́fẹ́ olóró ló ń ti ibẹ̀ jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bílíìṣì náà kò tilẹ̀ wúlò fún àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó wà ní abíyá aṣọ funfun, ṣe ló máa ń sọ ọ́ di pípọ́n sí i. Aṣọ òwú, pátá, aṣọ ìnura àti síńgílẹ́ẹ̀tì fẹ́ omi tó gbóná tó bí ìwọ̀n 60. Bí ẹ bá da omi híhó àti omi ẹ̀rọ pọ̀ ní dọ́gbadọ́gba nílùú wa yìí, ibẹ̀ ló máa bọ́ sí. Ẹ fi igi rò ó, ẹ má fi ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nígbà òjò, ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Mùṣin tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí ibi sá aṣọ sí, inú yàrá ló ń sá a. Aṣọ tó bá pẹ́ kó tó gbẹ máa ń rùn bí aṣọ tó bu, òórùn yẹn á sì di ti ara ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ máa fọ díẹ̀díẹ̀, ẹ fún un dáadáa, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín aṣọ kan sí èkejì, kí ẹ sì tan fáànù sí i. Kànìnkànìn tó máa ń wà ní balùwẹ̀ tútù látọdún dé ọdún náà ńkọ́? Ẹ máa sá a sí oòrùn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀, tí ihò wínníwínní sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, kòkòrò ló ń jẹ awọ níbẹ̀. Oògùn tí a ń fi pa á wà, ẹ má sì wọ bàtà kan náà ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Bí eéwo bá ń padà wá sí abíyá tàbí ìtan, tó ń ṣẹ omi tó ń rùn, ìdọ̀tí kọ́, dókítà awọ ara ló lè tọ́jú rẹ̀. Obìnrin tí abẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ òórùn bíi ẹja, pàápàá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kó má fi ọṣẹ tàbí ewé fọ inú rẹ̀, ìyẹn ló máa ń mú un burú sí i. Àyẹ̀wò àti oògùn dókítà ló ń wò ó. Ìpara ìbóra tó ní sìtẹ́rọ́ọ̀dì náà ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, tí lápálápá á sì ráyè, ara á máa rùn láìka iye ìgbà tí a wẹ̀ sí. Ọmọdé tó bá ṣàdédé ń rùn, ẹ wo ihò imú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tàbí fóòmù tó kì bọ ihò kan lè mú kí gbogbo ara rẹ̀ máa rùn.

Ó ku èyí tó ń dun èèyàn jù, tí wọ́n sì sábà máa ń pè ní àfiṣe. Trimethylaminuria ni orúkọ rẹ̀. Àjogúnbá ni, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Bí a bá jẹ àwọn oúnjẹ kan, èròjà kan tó ń gbọ́ òórùn bíi ẹja máa ń jáde nínú ìfun. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́ di ohun tí kì í rùn. Bí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ lórí rẹ̀ bá lábùkù, á gba inú òógùn, èémí àti ìtọ̀ jáde. Ó lè lọ, kó tún padà, ó sì máa ń le sí i nígbà nǹkan oṣù. Ẹja òkun, ẹyin, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà ló ń mú un wá. Ẹ wá wo mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje: ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja títọ́ọ̀sì nínú ewé kan ṣoṣo. Ẹni tó jẹ ẹ́ lálẹ́ lè máa rùn lọ́jọ́ kejì láì mọ̀ pé oúnjẹ ni.

Èròjà yìí ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí ara kò bá kan bí ohun kíkan, ìyẹn nígbà tí pH rẹ̀ bá ga. Nítorí náà, ọṣẹ dúdú àti ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìwẹ̀ kò dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ tí wọ́n kọ pH 5.5 sí lára ni kó lò, á dè é mọ́lẹ̀ kí omi tó ṣàn án lọ. Ìtọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ló ń ṣe é, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ṣe yẹra fún àwọn oúnjẹ yẹn ṣáájú àyẹ̀wò, èsì á sọ pé kò sí nǹkan kan. Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ dá àwọn oúnjẹ yìí dúró fúnra wọn, nítorí ọmọ nílò èròjà inú wọn.

Òórùn tó bá dé lójijì lára àgbàlagbà yàtọ̀ sí èyí. Bó bá dà bí èso tó ti pọ́n jù, pẹ̀lú òùngbẹ àti ìtọ̀ ṣáá, ẹ tètè lọ yẹ àtọ̀gbẹ wò. Òórùn bíi ìtọ̀ lẹ́nu lè jẹ́ ti kíndìnrín. Òógùn òru tó ń rẹ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ikọ́ àti rírù, ẹ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Àwọn kan wà tí àyẹ̀wò síńgílẹ́ẹ̀tì kò fi nǹkan kan hàn, tí ará ilé àti dókítà kò gbọ́ òórùn kankan, síbẹ̀ tí ó dá wọn lójú pé àwọn ń rùn, tí wọ́n sì ń rò pé torí àwọn ni ẹnì kan ṣe fọwọ́ kan imú nínú bọ́ọ̀sì. Ìrora wọn kì í ṣe ìtànjẹ. Ìwé àrùn tuntun ti àjọ ìlera àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022, ti dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn, dókítà ọpọlọ sì lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Àwọn ilé ìwòsàn ńlá Èkó, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, ní dókítà awọ ara. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ wẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń wẹ̀, àmọ́ ẹ má fi lọ́fínńdà tàbí rólọ́ọ̀nù. Ẹ mú síńgílẹ́ẹ̀tì tí ẹ wọ̀ sùn dání nínú ọ̀rá, pẹ̀lú gbogbo ọṣẹ, ìpara àti oògùn tí ẹ ń lò, títí kan ti àgbo, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá sórí ìwé.