Òòyì tí a fowó rà

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá. Láti aago mẹ́ta ọ̀sán la ti wọ Kàbà, n kò sì tíì tú ẹrù. Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, wà níwájú ilé pẹ̀lú aládùúgbò wa tó wá kí wa kú àbọ̀, ohùn wọn sì ń dé ibi tí mo jókòó sí nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi. Ọkọ mi ń ròyìn àgbá ńlá kan tó ń yí, tó ń gbé èèyàn lọ sókè tó sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Mo sọ fún Ìyá Bọ́lá pé ká lọ wò ó."

Àwọn ni wọ́n sọ fún mi o! Ó kù díẹ̀ kí n dìde lọ bá wọn jiyàn. Mo kúkú jókòó, mo mú ìwé. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, kó tó di ìtàn ẹlòmíràn.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi bẹ ọkọ mi pé ká lọ. Bọ́lá, àkọ́bí wa tó ń gbé ní Kubwa, ló pè pé àwọn ọmọ òun ń béèrè wa, pé òun fẹ́ kó gbogbo wa lọ sí Magicland, ọgbà eré tó wà ní Kukwaba lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Àbújá, èyí tí wọ́n ń pè ní Wonderland tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn ju tàwọn ọmọ lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọdún orí rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó já a nítorí àwòrán ilé olórí ṣóńṣó kan tó wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé Disneyland ni, ní California, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù keje ọdún 1955. Wọ́n tún ṣí èyí tó tóbi jù ú lọ ní Florida ní 1971. Mo mọ̀ pé apá mi kò ká Florida. Kukwaba ni apá mi ká.

Ẹ wá gbọ́ èsì tí ọkọ mi fọ̀. "Ṣé owó ìfẹ̀yìntì mi ni kí n fi ra òòyì? Bí òòyì bá wù mí, ṣebí kí n dìde lójijì lórí bẹ́ẹ̀dì ni, ọ̀fẹ́ ni tiyẹn." Ẹ̀rín pa mí, bí mo ṣe pàdánù ọjọ́ náà nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣìṣe lóríṣiríṣi. Mo fi àwọn ọmọ-ọmọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá sí Kàbà, pé orí òkè pọ̀ níbí tí wọ́n lè gùn láìsanwó. Mo ní kí ọ̀rẹ́ wọn kan bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì jọ fi mí ṣẹ̀sín. Níkẹyìn mo bínú. Ọjọ́ mẹ́rin ni n kò fi gúnyán nílé yìí. Ẹni tó bá mọ ará Òkun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, á mọ̀ pé ogun nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Bọ́lá gba ọ̀nà ọjà jáde, wọ́n sì fi igi ìtayín sẹ́nu wọlé. Mo gúnyán lọ́jọ́ karùn-ún.

Ṣọ́ọ̀kì ìlàṣọ ni mo ń wá lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo fi kan fọ́tò kan ní ìsàlẹ̀ àpótí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá Bọ́lá ni, wọ́n tò síwájú dáàmù Kainji. Olùkọ́ físíìsì ni wọ́n fún ọdún 35, wọ́n sì ti kó ọmọ ilé ìwé lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú fọ́tò yìí, gbogbo ọmọ ló ń wo ayàwòrán. Ojú ọkọ mi nìkan ló wà lára omi. Mo rántí alẹ́ tí wọ́n ti Kainji dé: wọn kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n ti gbé ṣíbí ìbu-ọbẹ̀ mi sábẹ́ omi ẹ̀rọ, tí wọ́n ń fi hàn mí bí omi ṣe ń yí irin tó ń mú iná wá, tí ilẹ̀ ilé ìdáná mi sì di ẹrọ̀fọ̀.

Mo jókòó ti fọ́tò náà fún ìgbà díẹ̀. Mo ti máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ọkọ mi kò fẹ́ràn ìgbafẹ́. Irọ́ ni. Ẹni tó ti fi ọdún 35 ka orí ọmọ, pé 42 ló lọ, àfi kí 42 bọ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní fi ojú eré wo ibi tí ọmọdé pọ̀ sí. Èmi náà sì ń pè wọ́n wá síbi òòyì tó wù mí, n kò fi nǹkan kan lọ̀ wọ́n tí wọ́n lè tú wò.

Mo bá mú fóònù mi, mo kàwé títí mo fi sùn lé e lórí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, mo ní, "Bàbá Bọ́lá, ọkọ̀ orí irin tó máa ń dorí èèyàn kodò nínú àwọn ọgbà eré kan, ẹ́ńjìnì rẹ̀ á le gan-an o."

"Á le," ni wọ́n wí, wọn kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní kò ní ẹ́ńjìnì."

Wọ́n gbé òkèlè padà sínú àwo. Mo sọ ohun tí mo kà: ṣéènì ló ń fà á gun òkè àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tó ń tì í mọ́, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń gbé e sá. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà ni òkè kejì kò fi lè ga tó àkọ́kọ́, pé ẹni tó bá kọ́ ọ ga jù á rí i pé ọkọ̀ yóò kù sójú ọ̀nà. Wọ́n ti ń kọ́ mi níwèé, mo bá ju ìwọ̀ sómi. "Ó dáa, ibi tó ti ń dorí kodò, kí ló dé tí wọn kò ṣe é róbótó bí òrùka? Wọ́n ní bí ẹ̀kán omi ló rí, tó ṣe ṣóńṣó lókè."

Wọn kò dáhùn. Mo ní wọ́n ti ṣe oníròbótó rí ní Coney Island ní New York ní 1895, ọrùn àwọn èèyàn ló sì fara gbá a. Ní 1976 ni wọ́n ṣe oníṣóńṣó ní California tí ara fi tù wọ́n. Bàbá Bọ́lá fọ ọwọ́, wọ́n wá báírò. Aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó pa iná. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n béèrè, bí ẹni tí kò kan, pé kí tiẹ̀ ni àwọn nǹkan tó wà ní Kukwaba yẹn gan-an. Mo ní àfi ká débẹ̀.

Mo pe Bọ́lá. Ó ti ṣètò tirẹ̀, láti òwúrọ̀ dé alẹ́, gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ la máa gùn tán. Mo ní kó ya ìwé yẹn. Wákàtí mẹ́ta péré. Kó wá àga sábẹ́ òjìji fún bàbá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fẹnu kan "Ẹ gùn ún, Bàbá," ẹni bá sọ ọ́ máa rí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọba la fẹ́ gbé wá ni?" Mo ní ó sún mọ́ ọn.

Ọjọ́bọ̀ la gbéra, iṣu mẹ́wàá wà nínú búùtù. Ọ̀nà kọnkéré tó lọ sí Ọbajana, kìlómítà 43, ni ọkọ mi fi dá mi lẹ́kọ̀ọ́ ìdí tí kọnkéré fi ń pẹ́ ju ọ̀dà lọ lábẹ́ tírélà sìmẹ́ńtì. A gba Lọ́kọ́ja, a gun afárá tó dá odò Ọya kọjá ní Jámátà, mo sùn lọ, mo jí ní Gwagwalada.

Ọjọ́ Sátidé la lọ sí ọgbà. Ẹ wo aṣọ tí ọkọ mi wọ̀: bùbá àti ṣòkòtò funfun, fìlà lórí, bí ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé eré ló gbé wọn wá. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Wọ́n wo aago ọwọ́, wọ́n wo àgbá ńlá, wọ́n tún wo aago. Ìṣẹ́jú tí àgbá fi ń yí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kà. Mo yíjú sí àwọn ọmọ díẹ̀, mo yíjú padà, àga ti ṣófo.

Ẹ̀gbẹ́ ọmọkùnrin tó ń darí àgbá ni mo ti bá wọn. Wọ́n ń sọ fún un pé Ferris ni orúkọ ẹni tó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Chicago ní 1893, pé ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 264, yàrá 36 ló ní, ọgọ́ta èèyàn sì ni yàrá kọ̀ọ̀kan ń gbà. "Ṣírò rẹ̀ wò," ni wọ́n wí. Èrò ti tò sẹ́yìn wọn. Ọmọ náà, ó mọ̀wàhù o, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa wọlé?" Bàbá Bọ́lá tẹ orí ba, wọ́n wọlé. Mo sáré bọ́ sínú rẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Ìtìjú mi ló kù yìí. Èmi tí mo fi oṣù méjì bẹ̀bẹ̀, tí mo ní àwòrán kàlẹ́ńdà lọ́kàn láti ọmọdé, bí ilẹ̀ ṣe ń jìnnà sí wa ni mo di ojú pinpin, mo di aṣọ ọkọ mi mú. Wọ́n ń fi pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá hàn mí. Mo ní mo ti rí i. Wọ́n ní, "La ojú ẹ, owó la san."

A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ohùn kan kí wa bí a ṣe ń kíni nílé, "Òkun o, sà!" Ọkùnrin kan tó mú ọmọ méjì lọ́wọ́ ti dọ̀bálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ ni, ará Ìyàrá. Mo rí bí ọwọ́ ọkọ mi ṣe yára lọ sí fìlà, bí ọrùn wọn ṣe le gan-an. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọn kò sọ fún mi láti oṣù méjì: ẹ̀rù òòyì kò bà wọ́n rí. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kí ìròyìn dé Kàbà pé wọ́n rí Ọ̀gá Físíìsì lórí àgbá ọmọdé.

Ọkùnrin náà dìde. Ó ní, "Sà, ṣé ẹ ti gun ọkọ̀ tó ń kọlu ara wọn? Ẹ wá ṣàlàyé iná orí rẹ̀ fáwọn ọmọ mi." Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu. Láìpẹ́, ìka ọkọ mi ti nà sókè: iná ń ti àwọ̀n òkè gba ọ̀pá wá sínú ọkọ̀, ó sì ń gba ilẹ̀ irin padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ wọ inú ọkọ̀, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ rọra kọlu ọ̀gá rẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ọ̀gá kò dá a lóhùn, wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀, wọ́n lé e láti igun dé igun, fìlà já bọ́, wọn kò wẹ̀yìn. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí a ṣìkómọ Bọ́lá.

Wọn kò gun ẹṣin tó ń yípo. Wọ́n ní ìyẹn kò ní ohun kan tí èèyàn lè kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí wákàtí mẹ́ta pé, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń ro àwọn. Àwọn ọmọ sunkún, Bọ́lá wò mí lójú, mo mú báàgì mi, a sì lọ sílé lọ jẹ iyán.

Aládùúgbò ti lọ báyìí. Bàbá Bọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wá béèrè pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi, mo nà án sí wọn láìgbójú sókè. Ìgbà tí mo máa wò, orí bébà tí mo fi gé bùbá oníbàárà ni wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ti ya ẹ̀kán omi olórí ṣóńṣó sí àárín rẹ̀, wọ́n ń fi ọfà sí i lára. Wọ́n ní kí n sún iná mọ́ ọn, kí n wá wo ibi tí ìwúwo ti ń pọ̀ jù. Mo sún un mọ́ ọn. Lọ́la ni mo máa gé bébà mìíràn.